"Kí Ló Sọ Fún Ọ?": Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Nínú Kíláàsì Àkàyé Yorùbá

Ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìbàdàn ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, ní JSS 2. Àwọn ọmọ bí ọgbọ̀n ló wà nínú kíláàsì náà. Ọmọ Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń bá wọn sọ̀rọ̀ nílé láti kékeré. Yorùbá tí wọ́n gbọ́ kò ju ti àdúgbò, ti ọjà àti ti ilé ìyá àgbà nígbà ọdún lọ. Èmi ni mò ń bójú tó ẹ̀ka èdè Yorùbá níbẹ̀. Olùkọ́ tó ń kọ́ kíláàsì náà jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, akíkanjú ni, ó sì fẹ́ràn àwọn ọmọ náà gidigidi. Òun ló wá bá mi lẹ́yìn ìdánwò àárín sáà pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo àwọn ìwé yìí. Wọ́n ń ka àyọkà náà geere lẹ́nu, àmọ́ bí mo bá ti bi wọ́n léèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan péré, kò sí ohun tí wọ́n ń rí sọ."

Òun fúnra rẹ̀ ló kọ àyọkà tí ó lò. Ìtàn àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Àjàní ni. Akọ̀wé tó bá a tẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kò fi àmì kankan sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ṣe pín in fún àwọn ọmọ:

"Nigba ti ojo akoko ro, Ajani gbe oko le ejika, o kori si oko baba re. O ko ebe titi eyin fi n ro o. Nigba ti ile mo, o fi ebu isu kookan sinu ebe kookan. Inu poro ni o n gba koja ki o ma baa te ebe mole."

Ìbéèrè kìíní ni pé kí ni Àjàní gbé lé èjìká. Àwọn tó kọ "ọkọ̀" ju ìdajì kíláàsì lọ, mọ́tò sì ni wọ́n ń sọ. Ọmọkùnrin kan tiẹ̀ ya mọ́tò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ìwé rẹ̀. Kò sí èyí tó dúró bi ara rẹ̀ pé báwo ni ènìyàn ṣe ń gbé mọ́tò lé èjìká lọ sóko.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì láti wo ohun tí wọ́n máa ń ṣe gan-an bí ọ̀rọ̀ tó ta kókó bá yọjú. Àwọn kan fò ó, bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Àwọn kan yíjú sí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn tó kù pa kálámù tì, wọ́n ń dúró de olùkọ́ kí ó wá sọ ọ́. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń ṣe nílé, wọ́n ní fóònù ni. Láti ọdún 2013 ni Google Translate ti ń túmọ̀ Yorùbá, ó sì wúlò fún ọ̀pọ̀ nǹkan, àmọ́ ọmọ tó tẹ "oko" nìkan sínú rẹ̀ ti fi Àjàní, èjìká àti òjò àkọ́kọ́ sílẹ̀ sínú ìwé. Ẹ̀rọ náà kò rí wọn. Bákan náà ni ìwé atúmọ̀ èdè yàrá ìkàwé wa: ọmọ tó bá wá "kọ" nínú rẹ̀ yóò bá ìtumọ̀ púpọ̀ pàdé, òun náà ni yóò ṣì mọ èyí tó bá ohun tó ń kà mu. Ibi yòówù kí ọmọ gbà, yóò padà wá sí ọ̀gangan ipò tí ọ̀rọ̀ náà wà.

Ohun tí a kọ́kọ́ gbìyànjú

Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ìwé ìkẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀ ni olùkọ́ náà kọ́kọ́ tọ̀. Ó to oríṣi àwọn atọ́ka, ìyẹn àwọn ohun inú àyọkà tó ń tọ́ni sí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, sí ojú pátákó. Nígbà mìíràn òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ a túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà, yóò ní "ìyẹn ni pé" tàbí "èyí tí à ń pè ní". Nígbà mìíràn a gbé òdìkejì rẹ̀ kalẹ̀, yóò lo "ṣùgbọ́n" tàbí "àmọ́". Nígbà mìíràn a to àpẹẹrẹ lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn ọmọ dà á kọ, wọ́n sì kọ́ ọ sórí. Ó fún wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá ṣe, irú bí "Ọ̀dá dá lọ́dún tó kọjá, àmọ́ òjò rọ̀ dáadáa lọ́dún yìí." Ẹni tí kò gbọ́ "ọ̀dá" rí mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, nítorí "àmọ́" ti tú u síta. Máàkì wọn dára, inú olùkọ́ dùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ó gbé àyọkà tó gùn díẹ̀ fún wọn, wọ́n sì padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀. Mo pe ọmọbìnrin kan tó gba gbogbo máàkì gbólóhùn mẹ́wàá yẹn, mo bi í pé irú atọ́ka wo ló wà níbí. Ó ní, "Ti òdìkejì ni, mà." Mo ní kí ó fi ìka tọ́ ọ. Ó wo ìwé títí, kò rí ohun tí yóò fi ìka tọ́.

Kò ya mí lẹ́nu. Nítorí atọ́ka ni a ṣe kọ gbólóhùn mẹ́wàá náà. Ó wà nílẹ̀ gbangba, ọmọ kàn ń bẹ̀rẹ̀ mú un ni. Ìtàn ni òǹkọ̀wé gidi ń sọ ní tirẹ̀, kò kọ ọ́ nítorí kí ọmọ lè mọ ọ̀rọ̀ kan. Atọ́ka lè wà ní gbólóhùn kẹta sísàlẹ̀, ó lè fọ́n káàkiri ojú ìwé, ó sì lè má sí rárá. Àwọn ọmọ náà ti mọ orúkọ atọ́ka. Ohun tó kù wọ́n kù ni wíwá a.

Àtẹ̀jíṣẹ́ ìyá olùkọ́

Inú fóònù olùkọ́ náà ni ìyípadà kìíní ti wá. Nígbà tí wọ́n wà ní ìsinmi ọ̀sán, ìyá rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp, láìsí àmì, bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń kọ ọ́: "Mo ti wa ninu oko, mo n bo nile." Ó kà á, ó dáhùn, kó tó wá ṣàkíyèsí pé òun kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí òun tó mọ̀ pé ọkọ̀ ni ìyá òun ń sọ. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ó kọ ọ́ sí ojú pátákó bó ṣe wà, ó ní kí wọ́n kà á. Gbogbo kíláàsì kà á dáadáa.

"Kí ló sọ fún yín pé ọkọ̀ ni?"

Kẹ́kẹ́ pa. Nígbà tó ṣe, ọmọ kan nawọ́. "Mà, ó ní òun ń bọ̀ nílé. Ẹni tó ń bọ̀ nílé ló máa ń wọkọ̀."

Olùkọ́ pa ìdajì gbólóhùn náà rẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: "Mo ti wa ninu oko, agbado ti gbo." Gbogbo wọn pariwo pé "Oko!" Ó tún bi wọ́n pé kí ló sọ fún wọn, wọ́n ní àgbàdo ni. Ó wá kọ "Mo n wa oko" nìkan, ó dákẹ́. Ariwo ta. Àwọn kan ní "Mo ń wa ọkọ̀", àwọn kan ní "Mo ń wá ọkọ", ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní "Mo ń wá ọkọ̀". Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn títí ọmọbìnrin kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ fi ní, "A ò lè mọ̀, mà. Ẹ kọ ìyókù rẹ̀."

Mo kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé mi. Ọmọ tó lè sọ pé "Ẹ kọ ìyókù rẹ̀" ti mọ ibi tí ìtumọ̀ ń gbé. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti ń ṣe é lójoojúmọ́ láìmọ̀. Òfin àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ní kí á máa fi àmì sórí ọ̀rọ̀ níbi tó bá yẹ, àmọ́ nínú àtẹ̀jíṣẹ́, lára ọkọ̀ akérò, lára pátákó ìpolówó, ìwọ̀nba ni ẹ óò rí. Ọmọ tó bá ń ka ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́, tó sì mọ ìgbà tí "igba" jẹ́ igbá, ìgbà tó jẹ́ igba náírà, àti ìgbà tó jẹ́ ìgbà òjò, ọ̀gangan ipò ló ń kà yẹn. A kò ní láti gbin ọgbọ́n yìí sí i lórí. Kí á jẹ́ kó mọ̀ pé òun ní in, kó sì máa lò ó fún ọ̀rọ̀ tí kò tíì mọ̀, ni iṣẹ́ tó kù.

Láti ọjọ́ yẹn, olùkọ́ náà kò gba ìtumọ̀ lásán lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìbáà tọ̀nà, ìbáà má tọ̀nà, ìbéèrè tó tẹ̀lé e kan náà ni: "Kí ló sọ fún ọ?" Ọmọ yóò fa ìlà sábẹ́ ibi tó sọ fún un. Wọ́n padà sórí Àjàní. Wọ́n fa ìlà sábẹ́ "èjìká", wọ́n fa ìlà sábẹ́ "oko bàbá rẹ̀". Ọmọ kan tí bàbá rẹ̀ àgbà ń dáko ní Ìséyìn ló mọ orúkọ ọkọ́. Àwọn tí kò mọ orúkọ náà sọ pé irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ ni, tó ní igi gígùn tó lè jókòó lórí èjìká. Mo fara mọ́ ìdáhùn tiwọn náà dáadáa.

Ẹ̀bẹ̀ Àjàní

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù ni gbólóhùn kejì, "O ko ebe titi eyin fi n ro o." Ọmọbìnrin tó ní "Ẹ kọ ìyókù rẹ̀" ló nawọ́. Ó kà á báyìí: "Ó kọ ẹ̀bẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó."

"Kí ló sọ fún ọ?"

"Ó ní ó kọ ọ́, mà. Lẹ́tà ni wọ́n máa ń kọ. Ó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ sí ẹnì kan. Ó kọ ọ́ pẹ́, ló jẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro ó. Bí èmi náà bá kọ nóòtì pẹ́, ẹ̀yìn máa ń ro mí."

Ẹ wo ìdáhùn yẹn dáadáa. Ọmọ náà ní ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó ṣáájú bá a mu, ẹ̀yìn tó ń ro Àjàní bá a mu, ó tilẹ̀ fi ohun tí ojú òun fúnra rẹ̀ ti rí kún un. Bó bá jẹ́ gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n gbé fún un, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nínú ìwé iṣẹ́, kò sí ohun tí ì bá ta ko ìtumọ̀ yẹn. Olùkọ́ ì bá sì sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀, ebè ni, kí iṣẹ́ máa lọ. Ohun tí ọmọ yóò mú kúrò níbẹ̀ ni pé ríronú kò lérè, kí òun máa dúró de olùkọ́.

Olùkọ́ náà ní, "Ó dára. Fi ẹ̀bẹ̀ rẹ síbẹ̀, kí o máa kà á lọ."

Ó ń kà á lọ: "Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fi èbù iṣu kọ̀ọ̀kan sínú ẹ̀bẹ̀..." Ó dúró. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un kà láìjẹ́ kí ohùn jáde, ètè rẹ̀ ń mì. Ó gbójú sókè. "Rárá o. Èèyàn ò lè fi iṣu sínú ẹ̀bẹ̀."

"Kí ló wá jẹ́?"

Ó fi ìka tẹ̀ lé ìlà náà títí dé ìparí. "Ó ní inú, wọ́n ń fi iṣu sí i. Ó sì pọ̀, nítorí wọ́n ní 'kọ̀ọ̀kan'. Bí èèyàn ò bá ṣọ́ra, á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ ni, mà. Erùpẹ̀ tí wọ́n kó jọ." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àjàní ló kó o jọ. Òun ló fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ń ro ó."

Ọmọ yìí kò dé oko iṣu rí. Ó mọ ebè, ó mọ iṣẹ́ tí ebè ń ṣe, ó sì mọ̀ pé "kọ" mìíràn wà tí kò kan kálámù. Poro kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan: ibi tí ènìyàn ń gbà kọjá kí ó má baà tẹ ebè, àárín ebè ni yóò wà. Kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún un.

Mo ti ronú lórí ohun tó mú kí èyí ṣẹlẹ̀, ó sì dá mi lójú pé ohun méjì ni. Olùkọ́ kò já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ̀, àyọkà náà sì gùn tó láti tú àṣìṣe rẹ̀ fó. Àwa olùkọ́ máa ń bẹ̀rù kí ọmọ gbé ìtumọ̀ tí kò tọ̀nà mì. Bí a bá jẹ́ kí ó kà á lọ, ìtàn fúnra rẹ̀ ni yóò tún un ṣe, àtúnṣe tí ọmọ bá sì fi ojú ara rẹ̀ rí kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀.

Ìgbà tí àyọkà kò sọ nǹkan kan

Ìṣòro mìíràn jáde nígbà tí wọ́n ti ń gbádùn rẹ̀. Àwọn ọmọ wá ń rò pé gbogbo ọ̀rọ̀ ni àyíká rẹ̀ gbọ́dọ̀ túmọ̀. Bí wọn kò bá rí atọ́ka, wọn a dá a sílẹ̀. Nínú ìtàn mìíràn, wọ́n kà pé "Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ra ṣágo kan bọ̀ láti ọjà." Ọ̀kan ní aṣọ ni, ọ̀kan ní ẹja ni, ẹlòmíràn ní oògùn ẹ̀fọn ni. Gbogbo wọn ló fa ìlà sábẹ́ "ọjà".

Ní 1983, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà, Isabel Beck, Margaret McKeown àti Ellen McCaslin, kọ̀wé lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n fi hàn pé ọ̀gangan ipò kò dọ́gba: òmíràn ń tọ́ni sí ìtumọ̀ tààrà, òmíràn ń fi díẹ̀ hàn, òmíràn kò sọ nǹkan kan, òmíràn sì ń ṣi ni lọ́nà. Ìtàn Àjàní ti kọ́ wa nípa èyí tó ń ṣi ni lọ́nà. Ti ṣágo ni èyí tí kò sọ nǹkan kan.

Olùkọ́ náà pa ìbéèrè rẹ̀ dà díẹ̀. Dípò "Kí ni ṣágo?", ó ní, "Kí ni ẹ ti mọ̀ nípa rẹ̀ báyìí?" Wọ́n ní ohun tí ènìyàn lè rà ní ọjà ni, tó sì ṣeé gbé wálé. Ó ní kí wọ́n kọ ìyẹn sílẹ̀, pé ó tó ná, kí wọ́n máa kà á lọ. Ní ìpínrọ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n rọ ẹmu sínú ṣágo. Wọ́n kọ ọ́ sí i: ó ní inú, omi kì í jò lára rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ń rí ẹmu náà láti ìta, wọ́n sì fi aṣọ wé e kí ó má baà fọ́ lójú ọ̀nà. Nígbà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn kọ "ìgò ńlá". Wọn kò jìnnà rárá. Àmọ́ èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọmọkùnrin kan tó kọ "ohun tí a lè rà ní ọjà" sí ìlà kìíní, tí kò sì pa á rẹ́ nígbà tó mọ̀ sí i. Ìmọ̀ ọ̀rọ̀ kì í wọlé lẹ́ẹ̀kan. Díẹ̀díẹ̀ ló ń pé, ọmọ sì yẹ kó mọ̀ pé kò burú kí òun mọ ìdajì rẹ̀ ná.

Wọ́n fi ọ̀sẹ̀ díẹ̀ wo ara ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí Yorùbá jẹ́ èdè tí ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ rẹ̀ ṣeé tú. Ọmọ tó mọ "àì" lára àìsàn yóò mọ ọ̀nà àti tú àìlera àti àìgbọràn. Ó wúlò, àmọ́ ẹlẹ́rìí kan ni, kò tó dájọ́. Ẹni tó tú ọlọ́pàá sí "oní" àti "ọ̀pá", tí kò sì wo gbólóhùn, arúgbó tó ń tẹ̀pá ni yóò bá lọ. Nítorí náà wọn kì í gba ìtúpalẹ̀ láìjẹ́ pé àyíká rẹ̀ gbè é lẹ́yìn.

Ọmọ tí ọ̀nà yìí kò ràn lọ́wọ́

Kì í ṣe gbogbo wọn ló gbà á. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí òbí rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá láti Àbújá. Ó ń gbìyànjú, ó ń fa ìlà, àmọ́ abẹ́ ohun gbogbo ni ìlà rẹ̀ máa ń wà. Mo jókòó tì í, mo ní kí ó fi kálámù yí gbogbo ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ ká nínú ìpínrọ̀ kan. Ó yí ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ká. Ohun tí a ń pè ní atọ́ka fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ àjèjì ni fún òun. Kí ni yóò fi mọ kí ni?

Hu Hsueh-chao àti Paul Nation ṣe ìwádìí kan lórí àwọn tó ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó jáde ní 2000. Wọ́n rí i pé kí ọ̀pọ̀ òǹkàwé tó lè fúnra wọn lóye ìtàn kan yékéyéké, àfi kí wọ́n mọ nǹkan bí 98 nínú gbogbo 100 ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Èdè mìíràn ni, àmọ́ ohun tí mo rí lójú ìwé ọmọkùnrin yẹn jọ ọ́. Olùkọ́ náà kò fi ọ̀rọ̀ àtúmọ̀ dà á láàmú mọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó kọ àwọn ìtàn kúkúrú fún un, tí ọ̀rọ̀ tuntun inú wọn kò ju ọ̀kan tàbí méjì lọ. Ó ní kí ìyá rẹ̀ máa fi ohùn ránṣẹ́ sí i ní Yorùbá, kí ó máa gbọ́ ọ kó tó kà á. Nígbà tí sáà parí, ó ṣì wà lẹ́yìn, àmọ́ ìlà rẹ̀ ti dínkù, ibi tó tọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà.

Bí a ṣe ń ṣe é nísinsìnyí

Ní ìdánwò ìparí sáà, àwọn ọmọ náà ṣì ṣi àwọn ìtumọ̀ kan, àmọ́ kò sí ìwé tó ṣófo. Olùkọ́ náà pín máàkì ọ̀nà méjì: ọ̀kan fún ìtumọ̀, ọ̀kan fún ẹ̀rí. Ọmọ tó kọ "ẹ̀bẹ̀" tó sì tọ́ka sí "kọ" yóò rí máàkì ẹ̀rí gbà. Ọmọ tó kọ "ebè" láìsí ìlà kankan, máàkì ìtumọ̀ nìkan ni yóò gbà. Àwọn òbí kan bínú sí èyí. Mo bá wọn sọ̀rọ̀, mo sì fi ìwé ọmọ wọn hàn wọ́n ní ìlà dé ìlà.

A ti jọ gbà ní ẹ̀ka wa pé àyọkà tí a bá fẹ́ fi kọ́ èyí kò gbọdọ̀ kéré sí ìpínrọ̀ méjì, kí àṣìṣe lè rí ibi tí yóò ti pàdé òtítọ́. Olùkọ́ yóò kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀ pẹ̀lú kálámù lọ́wọ́. Yóò wo èyí tí àyíká rẹ̀ sọ nínú àwọn ọ̀rọ̀ náà, èyí tí kò sọ, àti èyí tó lè ṣi ọmọ lọ́nà, kí ó tó pinnu ohun tí yóò béèrè. Ọ̀rọ̀ tí àyọkà kò tú rárá, tí ìtàn sì dúró lé lórí, kí olùkọ́ sọ ọ́ fún wọn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà dé ìgbà, a ń gbé àyọkà kan fún wọn láìsí àmì, a ó sì ní kí wọ́n fi àmì sí i, kí wọ́n sọ ìdí tí wọ́n fi fi ọ̀kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò wa jókòó wo ọ̀kan nínú àwọn kíláàsì wọ̀nyẹn lọ́jọ́ kan. Ó ti ń bi àwọn ọmọ tirẹ̀ náà báyìí, nínú ìṣirò tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ, pé kí ló sọ fún wọn pé kí wọ́n yọ ọ́ kúrò.